Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Bí A Ṣe Ń Dá Ìtẹ́ Ẹja Mọ̀ Nínú Omi Tútù

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)



Nígbà tí a kéde pé ọ̀rọ̀ ẹja ni a ó sọ lóṣù yìí, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, ‘Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, owó oṣù ni a ń jà fún, kí ló kàn wá kan ẹja?’ A kò bínú sí wọn. A kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ wa dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí ojú òṣìṣẹ́ kò bá mọ̀, ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè bà á jẹ́ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ ojú náà, òun ni yóò kọ́kọ́ rí i, kí ọ̀gá tó rí i, kí ìjọba tó gbọ́.

ÌTẸ́ TÍ KÒ JỌ ÌTẸ́

Ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú, bí Scotland, Norway, Kánádà àti apá àríwá Amẹ́ríkà, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní salmon. Inú odò ni a ti ń bí i. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, á bá omi lọ sínú òkun, á jẹun níbẹ̀, á sanra. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti yé, á tún padà wá sínú odò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń padà sí odò tí a ti bí wọn gan-an. Kì í ṣe ibikíbi nínú odò ni ó ń yé sí o. Ibi tí omi kò ti jìn ni, bí ìwọ̀n orúnkún àgbàlagbà. Omi ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù, ó gbọ́dọ̀ máa ṣàn, ilẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́.

Abo ẹja yóò fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ lórí òkúta yìí, yóò sì máa fi ìrù na ilẹ̀ kíkankíkan. Bí òkúta bá ti ń sọ sókè, omi tí ń ṣàn á gbà á, á gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Báyìí ni kòtò ṣe ń ṣẹlẹ̀. Inú kòtò yìí ni abo ń yé sí, tí akọ sì ń da àtọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Kété tí wọ́n bá ti ṣe tán, abo á sún sí òkè díẹ̀, níbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kòtò mìíràn. Òkúta tí ó ń gbẹ́ jáde nínú kòtò kejì ni omi ń gbé wá bo ẹyin inú kòtò kìíní. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Redd ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ìtẹ́ yìí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn níbí. Kòtò ìkẹyìn, èyí tí ojú wa ń rí, òfìfo ni. Abẹ́ òkítì òkúta tí ó wà nísàlẹ̀ kòtò ni ẹyin wà, a bò ó mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí kí ó dín díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rí kòtò, á rọra yà fún un, á wá gba orí òkítì kọjá, á sì máa rò pé òun ti ṣe dáadáa. Orí àwọn ọmọ ni ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ A FI Ń DÁ A MỌ̀

Àmì kìíní ni ibi tí ó wà. Ẹ wo ibi tí omi jíjìn ti ń parí lọ, tí ilẹ̀ odò ti ń ga bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí sáré lórí òkúta. Ní irú ibẹ̀, omi a máa wọ àárín òkúta wẹ́wẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹyin ń mí a sì máa bá a wọlé.

Àmì kejì ni òkúta fúnra rẹ̀. Kì í ṣe yanrìn, kì í sì ṣe àpáta. Òkúta tí ó tó ẹ̀kùrọ́ títí dé èyí tí ó tó ọsàn tàbí ìkúùkù ni ẹja yìí ń wá. Ẹja tí ó bá tóbi lè yí òkúta tí ó tóbi. Èyí tí ó kéré á wá èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Àmì kẹta ni àwọ̀. Ilẹ̀ odò a máa dúdú nítorí ọbẹ̀dò àti ìdọ̀tí tí ó ti lẹ̀ mọ́ òkúta. Ṣùgbọ́n òkúta tí ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà a máa mọ́ láàárín àwọn yòókù, bí ìgbà tí ènìyàn fi kànrìnkàn fọ ojú kan ṣoṣo lára ògiri ilé ìdáná tí èéfín ti bò. Àmì yìí kì í pẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọbẹ̀dò á tún ti bò ó, tàbí kí omi tí ó kún ti tẹ́ òkítì náà pẹrẹsẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ o. Pé a kò rí ìtẹ́ mọ́ kò sọ pé ìtẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àmì kẹrin ni ìrí rẹ̀. Kòtò wà lápá òkè, òkítì wà lápá ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì gùn bá ìṣàn omi lọ, kì í dábùú rẹ̀. Ti salmon ńlá lè gùn tó mítà 2 tàbí 3.

Àmì karùn-ún ni àkókò. Ní ilẹ̀ Britain, láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kìíní ni salmon ń yé, oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá ni ó sì ń pọ̀ jù. Bí a bá rí kòtò nínú odò ní oṣù keje, a kò ní kánjú pè é ní ìtẹ́ salmon.

Àmì kẹfà, tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ, ni ẹja fúnra rẹ̀. Bí a bá rí i tí ó ń yí ẹ̀gbẹ́, tí funfun ikùn rẹ̀ ń kọ mànà lábẹ́ omi, kò sí ẹni tí yóò tún bá wa jiyàn.

Àmọ́ bí irọ́ ti wà láàárín ènìyàn ni irọ́ wà nínú odò. Omi lásán lè gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn òkúta ńlá tàbí sí abẹ́ igi tí ó wó. Màlúù tí ó wá mumi lè fi pátákò yí òkúta, ẹsẹ̀ ènìyàn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹja pàápàá a máa gbẹ́ kòtò dán ilẹ̀ wò, kí ó sì fi í sílẹ̀ láìyé ẹyọ kan síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí kò ní kọ gbogbo ohun tí ó rí sórí ìlà kan náà. Yóò kọ èyí tí ó dájú sọ́tọ̀, yóò kọ èyí tí ó ṣeé ṣe sọ́tọ̀. Èyí tí ó dájú ni èyí tí ó rí ẹja lórí rẹ̀, tí kòtò àti òkítì rẹ̀ sì pé. Èyí tí ó ṣeé ṣe ni èyí tí àmì kan wà tí òmíràn kò sí. Méjèèjì ni yóò sì dáàbò bò. Kò ní walẹ̀ wò ó, nítorí ẹni tí ó bá walẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹyin wà níbẹ̀, òun gan-an ni ó pa á.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wò ó rọrùn. Etí odò ni wọ́n ń rìn, wọn kì í rìn nínú omi. Wọn a jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn wọn kí omi má baà máa dán sí wọn lójú, wọn a sì lo irú awò dúdú tí ń gé ìtànṣán orí omi. Wọn a fi igi tàbí òkúta ńlá etí odò ṣe àpèjúwe ibẹ̀, wọn a kọ ọjọ́ sílẹ̀, wọn a sì padà wá wò ó. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, iṣẹ́ tiyín náà kọ́ nìyẹn? Ẹ ó fi etí sí ẹ́ńjìnnì, ẹ ó ní ‘bóyá bíárìn ni’, ẹ kò sì ní sọ pé kí ọkọ̀ náà lọ sí Kano títí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀.

Òfin pàápàá mọ èyí. Ní England àti Wales, òfin ẹja ti ọdún 1975 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ da ibi tí ẹyin ẹja wà láàmú. Kò dúró síbi tí ẹyin ti dájú nìkan. Ó kan ilẹ̀ odò, etí odò àti ibi tí omi kò jìn tí ẹyin ṣeé ṣe kí ó wà. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀: ibi tí ó ṣeé ṣe tó fún òfin.

KÍ LÓ DÉ TÍ A FI Ń PARIWO BẸ́Ẹ̀?

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyin inú omi tútù kì í tètè pa. Bí omi bá tutù dé ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹyin salmon lè lò tó oṣù mẹ́ta kí ó tó pa. Bí ó bá pa tán, ọmọ náà kò tíì ní jáde. Yóò ṣì wà lábẹ́ òkúta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, yóò máa jẹ oúnjẹ tí ó so mọ́ ikùn rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí kò lè sá, kò lè ké. Omi mímọ́ tí ń gba àárín òkúta kọjá ni ẹ̀mí rẹ̀.

Bí ẹrẹ̀ kíkúnná bá wá dí àárín òkúta, afẹ́fẹ́ tán nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ń la ọ̀nà, katapílà tí ó gba inú odò kọjá, ilẹ̀ tí a gé igi rẹ̀ tí a kò tún nǹkan kan ṣe sí i, gbogbo wọn ni àgbàrá ń gba ibẹ̀ gbé ẹrẹ̀ wá. Ẹni tí ó wa katapílà náà lè jìnnà sí ìtẹ́ tó máìlì kan. Kò rí ẹja, kò gbọ́ ohùn ẹja, ó sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. A kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnì kan sọ fún un? Ṣé ẹnì kan kọ́ ọ ní ohun tí yóò wò? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

ODÒ ÀWỌN TÍ Ń ṢE MỌ́TÒ

Títí di ìsinsìnyí, odò tí ènìyàn lè dúró létí rẹ̀ kí ó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí odò ńlá kan tí ojú lásán kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ bí tiwa sì pọ̀ létí rẹ̀. Odò Detroit ni. Òun ni ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà níbẹ̀. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 50, láti adágún St. Clair dé adágún Erie. Ìlú tí ó wà létí rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ mọ́tò.

Ẹja méjì tí a fẹ́ mẹ́nu bà níbẹ̀ ni whitefish àti sturgeon. Whitefish kì í gbẹ́ kòtò. Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí omi ti tutù, yóò fọ́n ẹyin sórí òkúta, ẹyin á jábọ́ sáàárín òkúta, á sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù kí ó tó pa. Sturgeon ní tirẹ̀ ń yé nígbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, ẹyin rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ òkúta. Ẹja yìí lè lo 100 ọdún láyé. Ṣùgbọ́n abo rẹ̀ kì í sábà yé kí ó tó pé ogún ọdún, bí ó bá sì ti yé lẹ́ẹ̀kan, á tún sinmi ọdún mélòó kan. Ẹ rò ó wò: bí a bá ba ibi tí ó ń yé sí jẹ́ lónìí, àwọn ọmọ wa ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Wọ́n bà á jẹ́ lóòótọ́. Ọkọ̀ ojú omi tí ń ru irin àti èédú ń tóbi sí i, wọ́n sì ń fẹ́ omi jíjìn. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ odò náà, wọ́n fọ́ àpáta rẹ̀, wọ́n kó òkúta kúrò. Ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Livingstone Channel, tí wọ́n ṣí ní 1912, àárín àpáta ni wọ́n là á sí. Kò sí ẹni tí ó tún rí ẹ̀rí pé whitefish yé nínú odò náà lẹ́yìn 1916. Lẹ́yìn èyí ni epo, ásíìdì àti omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ tún pọ̀ níbẹ̀. Ní ìgbà òtútù 1948, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pẹ́pẹ́yẹ inú igbó ni epo orí omi pa. Ní 1970, wọ́n bá májèlé mercury lára ẹja agbègbè náà, ìjọba sì dá àwọn apẹja dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyí. Ta ni ń pẹja létí odò náà lọ́jọ́ ìsinmi? Òṣìṣẹ́ ni, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Májèlé tí ó fọwọ́ kàn ní fákítọ̀rì lójúmọ́, òun náà ni ó ń bá a délé nínú ẹja. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́tò, UAW, kò sọ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù nìkan ni tiwọn. Ní 1965, wọ́n pe àpérò ńlá ní Detroit lórí omi mímọ́, lábẹ́ ààrẹ wọn, Walter Reuther. Ní 1967, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ fún ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi, Olga Madar sì ni ó darí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe Ọjọ́ Ilẹ̀ Ayé àkọ́kọ́ ní 1970, ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tí ó fi owó ràn án lọ́wọ́ jù. Ní 1972, òfin omi mímọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà àti Kánádà sì fọwọ́ sí àdéhùn lórí àwọn adágún ńlá wọn ní ọdún yẹn kan náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìkan kọ́ ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣe é.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè wá kù kan: ṣé ẹja ṣì ń yé níbẹ̀? Odò náà jìn, omi rẹ̀ ń sáré, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè rìn létí rẹ̀ kí ó máa wá òkúta funfun. Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Wọ́n fi ìwọ̀ mú sturgeon ńlá, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tí ń dún lábẹ́ omi sí i lára, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n wá ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà láti mọ ibi tí ẹja ń lọ nígbà ìyé. Ibi tí wọ́n bá fura sí, wọn a tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ẹní lóòótọ́ ni, ohun onírun bí èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ eruku nínú ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná, wọ́n á fi dì mọ́ ohun wíwúwo kí omi má gbé e lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọn a fà á sókè, wọn a sì wò ó bóyá ẹyin lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní 2001, wọ́n rí ẹyin sturgeon. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti rí i? Létí Zug Island ni, erékùṣù kan tí ó kún fún ìléru irin nígbà náà, tí èéfín rẹ̀ sì ń bo ojú ọ̀run. Ilẹ̀ odò tí ẹja náà yé sí, àjókù èédú ni. Ẹja tí a ti kó òkúta rẹ̀ lọ, tí kò rí ibi tí yóò yé sí, ó wá kókó èédú tí ìgbà èédú fi sílẹ̀, ó sọ ọ́ di òkúta.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sọ pé ìdọ̀tí dára fún ẹja. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó tí ó ń sùn lábẹ́ afárá, ṣé a ó ní afárá ni ó wù ú ni? Ohun tí àwọn onímọ̀ rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé bí a bá fún ẹja yìí ní ohun líle tí omi ń gbà kọjá, yóò padà wá. Ní 2004, wọ́n da òkúta sílẹ̀ odò náà lẹ́bàá Belle Isle. Ní 2006, wọ́n rí ẹ̀rí pé whitefish tún ń yé nínú odò Detroit, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1916 nìyẹn, 90 ọdún gbáko. Ní 2008, wọ́n da òkúta mìíràn sí ẹ̀bá Fighting Island, lápá Kánádà; nígbà tí yóò fi di 2009, sturgeon ti yé sórí rẹ̀.

Iṣẹ́ kò tíì tán níbẹ̀. Sturgeon ṣì kéré sí iye tí ó wà láyé àtijọ́, wọ́n sì ṣì ń kìlọ̀ irú ẹja tí a kò gbọdọ̀ jẹ jù. A ó tún sọ òdì-kejì rẹ̀ fún yín. Ní 2020, wọ́n dá iná ìléru irin Zug Island dúró, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Ẹja kọ́ ni ó lé wọn. Ọ̀rọ̀ ọjà àti èrè ni. Fún ọdún 19 lẹ́yìn tí wọ́n rí ẹyin ẹja nísàlẹ̀ ni ìléru ṣì ń jó lókè. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nínú omi mímọ́ àti iṣẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ lè ní.

Ẹ WO Ẹ̀BÁ OMI TIWA

Omi tiwa kì í tutù bẹ́ẹ̀, salmon kò sì sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn apẹja létí ọ̀sà, wọn yóò sọ fún yín pé epiya náà ń gbẹ́ kòtò. Létí omi, níbi tí kò jìn, ẹ ó rí i bí ìgbà tí wọ́n to àwo jíjìn sínú yanrìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí i, wọn kò mọ ohun tí wọ́n rí. Bẹ́ẹ̀, a mọ bí wọ́n ṣe ń kó yanrìn nínú ọ̀sà Èkó àti nínú àwọn odò wa. Ta ni ń wa típà yanrìn? Ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ ni. Ta ni ó mọ ibi tí páìpù omi ìdọ̀tí fákítọ̀rì ń já sí? Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì. Àwa ni a wà létí omi.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ sílẹ̀, a kò sì sọ pé kí awakọ̀ kan dá dúró kí ó máa bá ọ̀gá rẹ̀ jà. Ẹni tí ó bá dá nìkan jà ni wọ́n ń rí lé. Ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín sí.

Èkíní, ẹ kọ́ ojú yín. Bí ẹ bá dé etí omi, ẹ wo ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ti ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ bi apẹja ibẹ̀ léèrè, nítorí ohun tí ó mọ̀ kò sí nínú ìwé.

Èkejì, bí ẹ bá rí ohun tí ó jọ ìtẹ́, tàbí omi tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ kọ ibẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ pé ‘ó ṣeé ṣe’. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ń tini lójú ni kí a rí i kí a dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú un wá fún akọ̀wé ẹ̀ka. Ẹgbẹ́ ni yóò kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá, lórúkọ gbogbo wa, kò ní jẹ́ orúkọ ẹnì kan. Bí wọ́n bá yí ọ̀nà ọkọ̀ kúrò ní ojú ibẹ̀, bí wọ́n bá fi asẹ́ sí páìpù, iṣẹ́ á máa lọ, omi á sì máa mọ́.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa òṣìṣẹ́ ni àgbà tí ó wà lọ́jà yìí. Àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ òkúta, tí kò lè ké, ojú wa ni wọ́n gbójú lé. Àwọn ọmọ tiwa nílé náà, tí yóò jẹ ẹja tí yóò sì mu omi, ojú wa kan náà ni àwọn pẹ̀lú gbójú lé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ kí a là á sílẹ̀.